Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Olójú Ewé Mẹ́rin
Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwọ́de nìkan ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì wa, ìwé kíkà ló pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ṣàìsàn lásìkò ìdánwò gbé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ olójú ewé mẹ́rin wá. Ẹkún kún inú lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé dókítà. A jọ gé e kù sí ojú ewé kan, nítorí pé ẹ̀rí ni ìgbìmọ̀ ilé-ìwé tó ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá. Èmi kò lè yí máàkì ẹnikẹ́ni padà (mo máa ń tètè sọ bẹ́ẹ̀), àmọ́ mo lè jókòó tì í níwájú wọn, kí wọ́n lè jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.