Òdo tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ jọ́nà mi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀kún o. Nígbà tí mo ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàbà, ìgbìmọ̀ kọ impact factor, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan tó, sí ẹ̀gbẹ́ jọ́nà kọ̀ọ̀kan tó gbé iṣẹ́ mi jáde. Èyí tí mo kọ lórí ohùn Òwé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kàbà, òdo ni wọ́n kọ sí i. Àbúrò wa kan tó ń ṣèwádìí nípa sẹ́ẹ̀lì, tirẹ̀ lé ní márùn-ún. Ó dùn mí wọ egungun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ ń jókòó ti àwọn àgbà kí n tó kọ iṣẹ́ yẹn.

Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò impact factor. Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ dábàá rẹ̀ ní 1955. Ká ní jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 40 jáde ní 2022 àti 2023, tí wọ́n sì tọ́ka sí wọn nígbà 12 ní 2024: ẹ fi 40 pín 12, 0.3 nìyẹn. Ọdún méjì péré! Àwọn onísẹ́ẹ̀lì ń tọ́ka sí iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì ń tò ó rẹpẹtẹ. Àwa onímọ̀ èdè a máa tọ́ka sí ìwé tó ti pé ogún ọdún. Ọdún kẹfà ni ẹnì kan tó tọ́ka sí tèmi.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé inú Web of Science, àkójọ jọ́nà ti ilé-iṣẹ́ Clarivate, ni wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí náà. Púpọ̀ nínú jọ́nà Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìkànnì African Journals Online, tó ti wà láti 1998, lẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ wọn. Jọ́nà tí wọn kò kà rárá, ẹ má kọ òdo sí i. Oko tí ẹnikẹ́ni ò dé, ta ló lè ní kò síṣu níbẹ̀?

Bó bá di dandan láti fi jọ́nà ìmọ̀ kan wé ti òmíì, òṣùwọ̀n SNIP tí onímọ̀ Henk Moed gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Leiden, ní Netherlands, ní 2010 sàn jù, torí ó ń ro bí ìtọ́kasí ṣe pọ̀ tó nínú ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣírò. Àwọn jọ́nà inú Scopus, àkójọ jọ́nà mìíràn, ló wà fún. Bí jọ́nà kan bá sì ń fi impact factor polówó ara rẹ̀, ẹ wò ó bóyá Clarivate ló ti wá. Mo ti sanwó fún irú rẹ̀ rí. Wọ́n kàn hùmọ̀ nọ́ńbà náà ni.

Mo padà lọ pẹ̀lú lẹ́tà ojú ewé kan. Mo to àwọn tó tọ́ka sí iṣẹ́ mi síbẹ̀, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ méjì, mo sì fi ìpinnu San Francisco ti 2012 kún un, èyí tó ní ká má fi nọ́ńbà jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ ẹnì kan. Alága kà á tán, ó mú bírò, ó fa ìlà gba orí òdo yẹn.