Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí yíyí àfọ́kù ìgò títí yóò fi dán

Ẹni tó bá fẹ́ kí àfọ́kù ìgò dán gbinrin, kí ó kọ́kọ́ pa ìwé tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ wá tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkúta ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún, ìlànà òkúta ló sì wà nínú ìwé náà. Dígí kì í ṣe òkúta. Ó rọ̀ ju àwọn òkúta tí wọ́n sábà ń yí lọ, ó sì tún tètè ń fọ́ jù wọ́n lọ.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní rock tumbler: àgbá rọ́bà kékeré kan tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá méjì, tí mọ́tò ń yí ọ̀pá náà, tí àgbá sì ń bá a yí tọ̀sán-tòru. Dígí, omi àti yanrìn líle ló máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbo ara wọn ni etí tó mú ń kújú, tí ara dígí sì ń jọ̀lọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Seaham, ìlú etí òkun tí àwọn èèyàn ti máa ń wá ṣa dígí aláràbarà. Ilé iṣẹ́ ìgò kan tó ń jẹ́ Londonderry Bottleworks wà níbẹ̀ láti 1853 títí di 1921, inú òkun ni wọ́n sì ń da ìyókù dígí wọn sí. Ìgbì òkun ń yí i títí dòní. Ó lẹ́wà, àmọ́ bàìbàì ló máa ń rí, kì í kọ mànà. Èmi sì fẹ́ èyí tó ń kọ mànà, nítorí n kò lè rí dígí búlúù kí n má rántí ṣẹ̀gi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìyẹn díẹ̀, torí ó wà lọ́kàn mi. Àwọn baba wa mọ dígí dáadáa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Leo Frobenius ará Jámánì ti wá wa ilẹ̀ ní 1910, ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún wà á láìpẹ́ yìí. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí nínú iná. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, ohun tí wọ́n pò pọ̀ láti fi ṣe é yàtọ̀ sí ti àwọn ará Yúróòpù àti Lárúbáwá. Àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe é fúnra wọn. Cobalt ló fún èyí tó búlúù ní àwọ̀, cobalt kan náà ló sì wà nínú ìgò òògùn búlúù àtijọ́. Ní Ìlọrin ńkọ́? Òkúta pupa ni àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà nígbà náà ń gbẹ́, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á wá fi ọwọ́ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi títí yóò fi dán. Ohun tí mọ́tò ń bá mi ṣe lónìí, apá èèyàn ló ń ṣe é nígbà yẹn.

Ó yá, dígí wo ló yẹ? Ìgò ọtí, ìgò wáìnì, ìgò òògùn, àti pẹ̀lẹ́bẹ̀ dígí aláwọ̀ tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì gé kù, gbogbo wọn dára. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò dára, torí wọ́n ti fi iná ṣe é kí ó lè rún wómúwómú bó bá fọ́. Dígí olówó ńlá tí òjé wà nínú rẹ̀, n kì í gbé e sínú ẹ̀rọ rárá: ẹrẹ̀ tó bá ti ara rẹ̀ jáde, òjé wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni yóò sì fọ̀ ọ́. Àwo dígí tí wọ́n ń gbé sínú ààrò le ju ìgò lọ. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, kan á máa jẹ èkejì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn nípọn bákan náà.

Ẹ fi aṣọ ìnura tó nípọn wé ìgò náà kí ẹ tó fi òòlù lù ú, kí awò sì wà lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀mú, kí ẹ gé gbogbo ṣóńṣó tó rí págunpàgun kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí, wọ́n ní ẹ̀rọ á bá àwọn gé e. Ẹ̀rọ á gé e lóòótọ́, àmọ́ ṣóńṣó tó bá kán nínú àgbá ti di ọ̀bẹ kékeré, yóò sì máa ha àwọn yòókù.

Nọ́ńbà wà lára yanrìn líle tí a ń lò, tí wọ́n ń pè ní silicon carbide. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yanrìn ń kúnná sí i. Òkúta agate le tó 7 lórí ìwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe le tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 60/90. Dígí kò ju nǹkan bíi 5.5 lọ, silicon carbide sì lé ní 9. Bí ẹ bá fi 60/90 bẹ̀rẹ̀ dígí, yóò ha á jinlẹ̀ débi pé ìpele tó kàn kò ní lè pa ojú àpá náà rẹ́. Láti 120/220 ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún àgbá tó ń gba nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, síbí ìjẹun mẹ́rin tó. Ẹ kún àgbá dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó lè lé díẹ̀, kí omi má ṣe bo dígí tó wà lókè pátápátá. Àgbá tí kò kún dáadáa ló burú jù: dígí á máa já láti òkè lu ara wọn, ẹ ó sì rí àpá funfun tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní gbogbo etí wọn. Mo máa ń fi hóró ike kéékèèké sí àárín wọn bíi tìmùtìmù. Ẹ máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, etí á ti kújú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó rí bàìbàì bíi ti òkun lè dúró níbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ó dán, 500 ló kàn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ní láti fọ̀ ọ́, ohun tí mo sì tìtorí rẹ̀ jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí. Yíyí kọ́ ni iṣẹ́. Mọ́tò ló ń yí i. Fífọ̀ ni iṣẹ́. Hóró yanrìn 120 kan ṣoṣo tó bá fara pamọ́ sínú ojú ìfọ́ dígí kan, yóò ha gbogbo ohun tó wà nínú àgbá ní ìpele tó kẹ́yìn. Nítorí náà, mo máa ń mú dígí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi. Èyí tó bá sán, mo yọ ọ́ sọ nù, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Mo ń fọ etí ìdérí àgbá àti ojú kòtò tí rọ́bà rẹ̀ ń wọ̀. Hóró ike tó ti bá yanrìn 120 yí kì í padà bá 500 yí mọ́, torí yanrìn máa ń gún wọ ara ike. Àgbá tí mo fi ń mú un dán sì wà lọ́tọ̀. Yanrìn kankan kò wọ inú rẹ̀ rí. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Cerium oxide ni lẹ́búlẹ́bú tó ń mú dígí dán. Òun náà ni àwọn tó ń ṣe awò ojú ń lò, torí ó mọ́ dígí lára ju aluminium oxide tí àwọn olókúta ń lò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ fi omi kan ìdajì dígí kan, kí ẹ nu ìdajì kejì gbẹ. Bí ibi tó tutù bá ṣì lẹ́wà ju ibi tó gbẹ lọ, ẹ dá a padà. Bí ẹ kò bá lè dá wọn mọ̀, ó ti parí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí iná kì í dúró, ẹ má bẹ̀rù: bí iná bá lọ, kò bà á jẹ́. Ẹ kàn gbọn àgbá dáadáa nígbà tí iná bá dé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó jókòó fún ọjọ́ púpọ̀, torí ẹrẹ̀ yẹn máa ń le bíi sìmẹ́ńtì. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ wọ páìpù ilé ìdáná láé. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ dà á sí kí ó silẹ̀, kí ẹ da omi tó wà lókè nù síta, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ di eruku nínú ilé, torí kò dára kí èèyàn fà á símú.

Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò sí i kí ẹ lè sín in, irin ìluhò tó ní dáyámọ́ńdì lẹ́nu ni kí ẹ lò, nínú omi, jẹ́jẹ́, kí ẹ lu láti ojú méjèèjì kí wọ́n pàdé láàárín.

Nípa títà, ẹ má ta tiwa ní orúkọ dígí òkun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: dígí tí òkun yí fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní àpá kéékèèké tó rí bíi lẹ́tà C lára, èyí tí ẹ̀rọ yí kì í ní in. Owó dígí òkun gidi ga, ẹni tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn létí òkun nínú òtútù kó tó rí i, kò yẹ kí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Lára páálí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá tà ni mo ń kọ ọ́ sí pé ìgò ni, ẹ̀rọ ló yí i. Kò dí ọjà mi lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà mìíràn tiẹ̀ máa ń béèrè pé ìgò kí ni.