Ẹni tó dì í ni kó tú u

Alẹ́ Ọjọ́bọ ni mò ń kọ èyí. Ara ń ro mí, ọwọ́ mi ṣì dúdú fún aró, àmọ́ ọkàn mi fúyẹ́ ju bó ṣe rí láti ọjọ́ Ajé lọ.

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan la gbà, aṣọ 40, yáàdì 5-5, àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi òwú dì kó tó wọ aró, kí ibi tí a dì lè funfun. Iṣẹ́ ara aṣọ tí wọ́n ń pè ní òṣùbàmbà ni ìyá ìyàwó mú: òṣùpá ńlá kan láàárín, àwọn kéékèèké yí i ká. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Àwa mẹ́fà là ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Abẹ́òkúta níbí. Kí iṣẹ́ lè yá, mo pín wa: àwọn mẹ́ta ń dì, àwọn méjì wà nídìí aró, ẹnì kan ń tú, ó ń fọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkàn ò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ń dì ń dì í bí ẹni ń di ẹrù ẹlòmíràn, òwú dẹ̀. Ẹni tó wà nídìí aró gbé fóònù sétí, ó jáde síta. Kó tó padà, aṣọ ti léfòó, atẹ́gùn ti fẹ́ sí ibi tó yọ sókè; ibì kan mu aró, ibì kan ò mu. Aṣọ méjì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Aró náà ò sì dúró dè wá. Èyí tí a ń fi kẹ́míkà méjì, kọ́sítíìkì àti háídírò, pò, bí a bá ti pò ó tán, ẹ̀mí ẹ̀ kì í gùn. Bó bá wà láàyè, ṣe ló máa ń rí bí omi ewé nínú. Bó bá ti ń di búlúù nínú ike, ó ti ń kú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì laró kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo pariwo. Lánàá, mo gba fóònù gbogbo wọn, mo kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló wá burú jù. Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́, bí ọ̀kan bá sì ti dún nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú á yí síbẹ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá ẹ̀ ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù láti ọjọ́ Àìkú. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sì bi í. Mo dá fóònù wọn padà, mo bẹ ọmọ náà, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Àwa ọmọṣẹ́ ẹ̀ kì í tú aṣọ tí ẹlòmíràn dì. Mo rò nígbà yẹn pé torí kó lè mọ ẹni tó ṣe àṣìṣe ni. Òru àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tó di aṣọ ò lè mọ ohun tó dì, àfi bó bá tú u. Àwọn mẹ́ta tí mo fi sídìí òwú láti ọjọ́ Ajé, wọn ò tíì rí òṣùpá kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn.

Láàárọ̀ yìí, mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, a jọ jẹun kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ka aṣọ lójú wọn: 11 ló ti dára, 29 ló kù. Mo sọ iye tó máa kan oníkálukú lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ní èmi ni màá ra méjì dípò èyí tó bàjẹ́. Mo wá ní kí oníkálukú dì, kó rẹ ẹ́, kó sì tú tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìyá Ìbejì, tó dàgbà jù nínú wọn, ní, "Màmá, ṣé kò ní fà wá sẹ́yìn?" Mo ní ó lè fà wá sẹ́yìn o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é títí dọ̀sán ká wò ó.

Ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ jáde nínú aró. Aṣọ náà ṣì rí bí ewé. Ó gbé e kọ́ sórí okùn, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, etí ẹ̀ ń di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Nígbà tó ṣan omi sí i tán, ó fi bíléèdì gé òwú àárín, ó rọra gé e kó má baà kan aṣọ, ó wá fà á. Òṣùpá náà là: ó funfun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yọ lára ẹ̀ yíká. Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó wá kígbe pé, "Ẹ wá wò ó!" Gbogbo wọn dìde.

Látìgbà yẹn, òwú le. Ẹni tí òṣùpá tiẹ̀ wọ́ ń bi ẹni tí tiẹ̀ rí roboto bó ṣe ká a. Ìyá Ìbejì dá orin, wọ́n ń gbè é. Fóònù wà lápò oníkálukú, n ò sọ nǹkan kan. Ní nǹkan bí aago 2, ti ọmọ náà dún, ó jáde, ó padà wọlé. "Màmá, wọ́n ní ìyá mi ti mu ògì." Ó jókòó, ó mú òwú ẹ̀.

A parí 14 lónìí. 15 ló kù. Lọ́la, aró kékeré-kékeré ni màá máa pò, ìwọ̀nba aṣọ tó bá ti wà ní dídì, kí ọ̀kankan má baà kú dè wá. Mo ti ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ wo ìyá ẹ̀ láàárọ̀ kó tó wá. Aṣọ tó rẹ kẹ́yìn ṣì wà lórí okùn. Mo ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má tú u.