Ẹnu Ayálégbé: Láti Ìkòròdú dé Stuttgart

Ìbéèrè kan wà tí ajẹ́ńtì bi mí ní Ìkòròdú lọ́dún 2014 tí mi ò gbàgbé. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ ní Agric, oòrùn ń pa wá. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ kì í ṣe lọ́yà, àbí?" Mo ní rárá o, kọ̀ǹpútà ni mo máa ń tún ṣe. Ara tù ú. Ó ní baba onílé tí a fẹ́ lọ bá kì í gba ọlọ́pàá, kì í gba sójà, kì í sì í gba lọ́yà. Ti ọlọ́pàá àti sójà yé mi. Ta ló fẹ́ lọ béèrè owó ilé lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìbọn? Ti lọ́yà ni kò yé mi. Mo ní láti di ayálégbé ní Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kó tó yé mi.

Ilé náà, rúùmù àti pálọ̀ ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbógbó. Ìdílé mẹ́jọ la wà nínú ọgbà náà. Kò sí nọ́ńbà lára ògiri, bí a ṣe ń júwe rẹ̀ fún àlejò ni pé, "Tẹ́ ẹ bá ti dé mọ́ṣáláṣí, ẹ bèèrè ilé Àlàájì." Owó ilé ọdún kan jẹ́ ₦120,000. Ṣùgbọ́n ta ló ti fi owó ilé nìkan wọlé rí? Àlàájì gba ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ajẹ́ńtì gba kọmíṣọ́ọ̀nù ₦24,000, àgírímẹ́ǹtì tún gba ₦24,000 mìíràn, wọ́n wá fi ₦20,000 lé e, wọ́n pe ìyẹn ní kọ́ṣọ̀n, owó tí wọ́n máa dá padà lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde tí mi ò bá ba nǹkan jẹ́. ₦308,000 lápapọ̀. Mo kó àjọ, mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ta kámẹ́rà mi.

Òfin sì wà nígbà náà o. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkòròdú wà níbẹ̀ gbágbágbá. Mo ti gbọ́ ọ rí lórí rédíò. Ṣé kí n wá jókòó síwájú bàbá tó tó bàbá mi, kí n ní, "Ẹ dákun sà, ọdún kan ni òfin wí"? Èèyàn mẹ́ta ló ń dúró de yàrá yẹn lẹ́yìn mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kówó kalẹ̀, mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo wá dé Stuttgart lọ́dún 2019, ọgbọ́n Ìkòròdú ni mo mú lọ wá ilé. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n ní ká wá wo ilé kan. Mo débẹ̀, mo bá èèyàn tó tó ọgbọ̀n lórí àtẹ̀gùn, olúkúlùkù di fáìlì mọ́ àyà bí ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì. Mo sún mọ́ obìnrin tó ń fi ilé hàn wá, mo rọra sọ fún un pé tó bá fún mi, mo lè san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé ojú rẹ̀ á tàn. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ayédèrú owó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ló ń wá: ìwé owó oṣù ti oṣù mẹ́ta, ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù, àti ìwé tí wọ́n ń pè ní SCHUFA, tó ń sọ bóyá èèyàn jẹ gbèsè tí kò san. Lẹ́tà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo kọ kiri kí n tó rí ilé. Ẹni márùn-ún ló dá mi lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Turkey, tí wọ́n bí sí Stuttgart gan-an, ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé orúkọ tí mò ń jẹ́ ti gùn jù fún wọn láti kà dópin.

Èyí tí mo rí nígbẹ̀yìn, yàrá méjì ni, lókè kẹta, ilé alájà mẹ́rin tí kò ní lífíìtì. Àwọn Jámánì ní owó ilé tútù, wọ́n ní owó ilé gbígbóná. Mi ò purọ́, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Tútù ni owó ilé gan-an, €720 lóṣù. Gbígbóná ni tí wọ́n bá ti fi owó omi, ìmúlégbóná, ìdọ̀tí kíkó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ lé e, ó wá di €910. Kọ́ṣọ̀n tiwọn ò gbọdọ̀ ju owó ilé tútù oṣù mẹ́ta lọ, òfin gbà kí n pín in sọ́nà mẹ́ta san, onílé sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀ sí báǹkì pẹ̀lú èlé rẹ̀. Ajẹ́ńtì ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, torí láti ọdún 2015 ni òfin wọn ti ní ẹni tó bá pe ajẹ́ńtì ni kó sanwó ajẹ́ńtì. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ₦20,000 mi. Lọ́jọ́ tí mò ń kó jáde ní Ìkòròdú, Àlàájì ní ọ̀dà ara ògiri ti ṣá. Ọdún márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Kí ni kí ọ̀dà ṣe?

Àmọ́ ẹ má rò pé ẹnu kò yà mí. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo ṣílẹ̀kùn, kò sí kíṣíìnì. Yàrá kíṣíìnì wà o, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù ló yọ láti ara ògiri, kò sí síǹkì, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà ń fì dirodiro lókè níbi tó yẹ kí gílóòbù wà. Ẹni tó kó jáde ti tú gbogbo rẹ̀ lọ, torí òun ló rà á. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń fọ abọ́ nínú ilé ìwẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo bá pátákó kékeré kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn mi. Wọ́n kọ Kehrwoche sí i. Ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tí pátákó bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ìwọ ló kàn láti gbá àtẹ̀gùn kí o sì nù ún. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, wàá gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ. Àṣà àwọn ará Swabia, agbègbè tí Stuttgart wà, ni, wọ́n ní òfin ìmọ́tótó tó bí i ti wà ní Stuttgart láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, láyé Eberhard tó jẹ́ olórí Württemberg. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wọkọ̀ òfuurufú kí n lè sá fún Ìyá Wàlíù!

Ẹ ò mọ Ìyá Wàlíù. Òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó kàn láti gbá ọgbà àti láti fọ ilé ìwẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun. Ẹni tí kò bá gbálẹ̀ a san ₦200, tí kò bá san, tí ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo ọgbà á gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ìrun àárọ̀ tó parí. Ní Stuttgart, ìyá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ló dípò rẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni mo sọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ mi àkọ́kọ́, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà mi, ó mú mi lọ sórí àtẹ̀gùn, ó nàka sí eruku ní kọ̀rọ̀ kan. Kò pariwo. Ohun tó dùn mí jù ni pé "ẹ" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Èdè Jámánì ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ọjọ́ orí, ẹni tí o kò bá tíì mọ̀ dáadáa, "ẹ" ni. Obìnrin tó lè bí ìyá mi ń sọ pé, "Ẹ kò gbá ibí yìí, sà." Ara mi bù máṣọ. Ìyá Wàlíù ì bá ti ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ọ̀lẹ ni ẹ́," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Ti ariwo ńkọ́? Ní Ìkòròdú, tí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á ti kéde rẹ̀, àwọn obìnrin á wọlé, títì á sì dá páropáro. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ mi ní Stuttgart, mo yọjú lójú fèrèsé, mi ò rí ẹyẹ, mo ní àbí Orò fẹ́ jáde níbí náà ni? Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé dírílì láago mẹ́ta ọ̀sán kí n fi kan sẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí Ìyá Ìsàlẹ̀ fi dókè. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Mi ò ní purọ́, oorun ibẹ̀ dùn. Ẹni tó ti sùn sáàárín jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ àti ìṣọ́ òru ló lè mọ̀ ọ́n.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Stuttgart, ó wà. Ní Ìkòròdú ló ti ń dunni. Iléeṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn wà ní apá Ìjẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1985 ló ti ń ṣiṣẹ́, 1,320 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ́ ọ fún, kò sì sí iléeṣẹ́ tó ń fi gáàsì múná wá tó tóbi tó o ní Nàìjíríà. Wáyà ńláńlá á gba orí wa kọjá, àwa á máa tan tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá wá rọra dé, bílì kan ni ìdílé mẹ́jọ ń pín. Ìyá Wàlíù náà ló ń ṣírò: fáànù, póíǹtì kan, fíríìjì, póíǹtì mẹ́ta. Tí a bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀ wá kà, ẹni tó bá ní sítóòfù oníná á yára tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bílì ló padà la ojú mi. Lẹ́yìn ọdún kan ní Stuttgart, onílé fi ìwé ránṣẹ́ pé owó tí mò ń san fún omi àti ìmúlégbóná kò tó, kí n fi €640 kún un. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa yá a. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gba ìwé náà wò, ló bá fà mí lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé. Obìnrin kan fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ nǹkan méjì: owó àtúnṣe òrùlé, àti owó ẹni tó ń bá onílé ṣàkóso ilé. Ó ní onílé ló ni ìnáwó méjèèjì, òfin kò jẹ́ kó dì í ru ayálégbé, àti pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún gbogbo risíìtì tó bí bílì náà.

Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà yẹn. Èmi, kí n kọ̀wé sí onílé? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yẹra fún un. Mo ń retí kó wá yọ ilẹ̀kùn mi, bí onílé kan ṣe ṣe fún ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Òdógùnyán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwé mìíràn dé: €215. Kò sí àlàyé, kò sí ìjà. A pàdé lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni ìbéèrè ajẹ́ńtì ti yé mi. Kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà ni Àlàájì ń sá fún, ayálégbé tó lẹ́nu ló ń sá fún.

Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, mo ti yí ọ̀rọ̀ po. Lọ́dún 2017, àìsàn bàbá mi gba gbogbo owó ọwọ́ mi, owó ilé sì pé. Mo lọ bá Àlàájì lálẹ́, mo rojọ́. Ó ní, "Lọ tọ́jú bàbá rẹ." Oṣù mẹ́rin ni kò fi bi mí léèrè. Ọjọ́ tí a sin bàbá, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Ní Jámánì, ẹni tó bá jẹ owó ilé oṣù méjì, onílé lè ní kó jáde láìfún un lákòókò kankan. Mi ò mọ ìlànà tó máa kọ "lọ tọ́jú bàbá rẹ" sínú ìwé.

Àbúrò mi ló ń gbé yàrá yẹn báyìí. Owó ilé ti di ₦350,000, Àlàájì sì tún ní ọdún méjì lòun ń gbà. Mo fi òfin 2011 ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Bọ̀dá mi, tó bá lé mi, ṣé òfin ló máa bá mi kẹ́rù?" Mo ní ó dáa, san án, ṣùgbọ́n gba risíìtì, kí wọ́n kọ iye owó, déètì àti àkókò tí o san án fún sí i, torí òfin kan náà ló pa á láṣẹ fún onílé. Ó ní òun á gbìyànjú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Abala ìwé ẹ́sásáìsì ni, bírò aláwọ̀ búlúù. Àlàájì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ₦700,000, ó kọ "ọdún méjì" gàdàgbà, ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ déètì. Gbogbo ohun tí òfin ní kó má gbà ló kọ sílẹ̀ tó sì buwọ́ lù. Mo pe àbúrò mi, mo ní ṣé Àlàájì ò bínú.

Ó ní, "Kò bínú. Ó kàn bi mí pé ṣé ẹ ti di lọ́yà níbẹ̀ ni."