Ṣíbí lára wíńdò mi

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Sátidé, mo sì ti pinnu lálẹ́ àná pé màá sùn títí oòrùn á fi wọ yàrá wá bá mi, ni mo bá gbọ́ kó-kó-kó lára wíńdò. Ṣíbí ni wọ́n fi ń kàn án. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń jí o, ọmọ mi ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n wíńdò tèmi àti tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó bá ń jí i, èmi náà ló ń jí. Mo yọjú. Ọmọbìnrin fúláàtì òkè ni, ọmọ ọdún 16, ó ti wọ kánfáàsì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ni."

Iṣẹ́ ni. Àfi bí ẹni pé ìjọba ló gbà á.

Òkè-Àdó n'Íbàdàn níbí ni ilé wa wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́rin, àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà níbẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ọdún 13 sí 17, ẹ yọ àwọn kéékèèké kúrò. Nígbà họ́lidé tó kọjá wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù gbogbo wọn kú, ló bá di dandan kí wọ́n jáde síta wá wojú ara wọn. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn wá ní tíṣà P.H.E. àwọn, ìyẹn tíṣà eré ìdárayá àti ìlera, sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní ọmọ ọdún 5 sí 17 yẹ kó máa fi tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ sáré, tàbí kó rìn kíákíá, tàbí kó gbá bọ́ọ̀lù, ohunkóhun tó ṣáà lè jẹ́ kí àyà lù kìkì kí òógùn sì yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iná dé, wọ́n ní kí kálukú wo iye wákàtí tí fóònù rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó ṣáájú kí iná tó lọ. Ti ọmọ tèmi jẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ kan ṣoṣo o, bẹ́ẹ̀ sì rèé tí mo bá ní kó bá mi pọn omi, á ní òun ń kàwé.

Ni wọ́n bá ra káàdìbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ òfin sí i: gbogbo wa á máa sáré, gbogbo wa á máa mu omi, gbogbo wa á máa jẹ èso, kò sí mínírà, kò sí fóònù lálẹ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Kò yà mí lẹ́nu, èmi náà ti kọ irú ẹ̀ fún ara mi ní Jánúárì tó ju ẹyọ kan lọ.

Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn ló tú u fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ka nǹkan tó wà lára ògiri yẹn sí òun létí, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Òfin lẹ kọ síbẹ̀, ta ló wá jẹ ta ní gbèsè ńbẹ̀?" Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lóko, àáró làwọn ọkùnrin máa ń bára wọn ṣe, lónìí gbogbo wọn á lọ ro oko Lágbájá, lọ́la ó di oko Tẹ̀mẹ̀dù, ẹni tí ò bá wá sí ti ẹnìkejì, tó bá kan tiẹ̀, òun àti koríko á jọ máa wojú ara wọn ni. Ọmọ kan ní ṣé ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ìyá ní rárá, ọ̀wẹ̀ yàtọ̀, ọ̀wẹ̀ lèèyàn ń fi oúnjẹ bẹ̀, ẹni tó bá ráyè á wá. Àáró, gbèsè ni.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn ló wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n já káàdìbọ́ọ̀dù, wọ́n pín iṣẹ́, kálukú gba ẹyọ kan tí yóò ṣe fún àwọn mẹ́rin yòókù, wọ́n sì fi ara wọn jẹ mínísítà (ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, kí lẹ retí). Mínísítà Aago ló ń fi ṣíbí kan wíńdò kiri. Mínísítà Omi ń rọ omi sínú ike márùn-ún lálẹ́, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Mínísítà Èso wà, Mínísítà Ìdáná wà, ẹni tó bá sì já iṣẹ́ tiẹ̀ jù sílẹ̀ á fọ kúlà oúnjẹ gbogbo wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni wọ́n wá fi ṣe Mínísítà Fóònù? Ọmọ mi, oníwákàtí mẹ́fà. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni àbí ìkà.

Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, á gbé agbọ̀n tí mo fi ń ra tòmátò, á máa kan ilẹ̀kùn láti fúláàtì dé fúláàtì, á gba fóònù márààrún, á gbé e sórí fìríìjì wa. Ní alẹ́ kẹta mo ń gbọ́ nǹkan tó ń rìn ní kíṣìnnì, mo rò pé eku ni. Láàárọ̀, Mínísítà Omi tó kéré jù nínú wọn wá gba fóònù, ó ń fọwọ́ kan wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó dúró, ó ní "Bọ̀dá, kí ló dé tí tiyín gbóná?" Ọmọ mi ò rí nǹkan sọ. Àwọn tó kù dákẹ́, wọ́n kàn ń wò ó. Gbogbo ìbínú tí mo ti bí lórí fóònù yẹn láti ọdún méjì, kò ṣe tó ohun tí ìbéèrè ọmọ ọdún 13 ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó fọ kúlà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àtìgbà yẹn ló ti ń ka fóònù bíi kaṣíà báńkì. Àwọn dókítà ní ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, ẹ ṣírò ẹ̀ láti mẹ́sàn-án ààbọ̀ dé ìgbà tí ṣíbí bá dún, ó lé ní 8 díẹ̀.

Mínísítà Èso ló ń ra ọsàn lábẹ́ bíríìjì Mọ́lété, ó mọ̀ ọ́n ná ju èmi lọ, ohun tó bá wà lásìkò ẹ̀ ló ń rà. Ṣùgbọ́n òun ló tún dá ọ̀rọ̀ mínírà sílẹ̀. Ó ra ìgò oníìdajì lítà, ìyẹn 50cl, ó ní ká ka ẹ̀yìn ẹ̀: ṣúgà gíráàmù 11 nínú mìlílítà 100. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó jẹ́ 55. Ṣíbí tíì kan ń gba bíi gíráàmù 4, ni ó bá ń bu ṣúgà sínú abọ́, a jọ ń kà á, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, ó dé mẹ́tàlá, ó tún lé, ṣúgà náà ga nínú abọ́ bí ilé ikán kékeré. Bẹ́ẹ̀, WHO ní ṣúgà tí à ń bù sí nǹkan ò gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún wa, fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ìyẹn bíi gíráàmù 50. Ìgò kan ti kọjá ẹ̀. Ìjọba náà rí i, wọ́n fi owó orí náírà 10 lé lítà mínírà kan nínú òfin ìnáwó 2021, ó wá jẹ́ náírà 5 lórí ìgò yìí, ẹ fún alágbe ní náírà 5 n'Íbàdàn kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Àwọn ọmọ yìí ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́ ṣá, wọ́n ní tó bá di páátì, ìgò kan, ó tán.

Ìdáná ló fẹ́ tú wọn ká. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù ni wọ́n gbé e fún, ẹnikẹ́ni ò bi í, ó ń se ẹ̀wà, ó ń ro ẹ̀kọ, kí indomie ojoojúmọ́ lè dínkù. Ọ̀sẹ̀ kejì ló jù ú sílẹ̀. Ó ní "Àáró la ní ká ṣe, àbí ẹrú lẹ rà?" Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ síta. Wọ́n bá ní ìdáná á máa yí kiri, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àtobìnrin. Ìyá kan nínú wa bínú, ó ní ọmọkùnrin òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi ò fèsì, mo kàn ń pọn omi mi lọ. Ọmọkùnrin yẹn náà ló se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ tó kàn án, ó rẹ ẹ̀wà, ó bó o, ó lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ewé pọ́n, gbogbo ẹ̀ jò tán sínú ìkòkò. Ṣíbí la fi mu mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ bu abọ́ méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ lásán, wọ́n máa ń yí Líbátì ká, pápá tí wọ́n ṣí ní 1960, orúkọ Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́ báyìí ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Sátidé tí mo sọ lókè yẹn, Òkè Àrẹ̀ ni wọ́n ń lọ, Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti 1936, oorun sì ti dá lójú mi náà, mo bá tẹ̀lé wọn. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Mo dé àárín, èémí mi ń sá, ọmọ mi padà wá gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní "Mummy, ẹ máa rọra bọ̀." Nígbà tí mo dé òkè, páànù pupa lọ títí ojú ò fi lè rí i mọ́, gbọ̀ngàn Mápó ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn pé òrùlé tiwa dà.

Mínísítà Aago ti lọ sí Èkó lánàá, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Kó tó lọ, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n gbé ṣíbí fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ò tíì pé ọdún 10, tó ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n fún òun náà níṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òkùnkùn ṣì ṣú biribiri, kó-kó-kó, gbogbo wíńdò ilé, ó kàn án yípo. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tàn án sí i lójú, wọ́n ní ṣé kò sí o.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Iṣẹ́ ni mà."

Wọ́n ní kó lọ sùn. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣíbí lọ́wọ́ òun.