Ṣé wọn kì í gbin nǹkan níbi tí ẹ ti wá ni?

Ìbéèrè tí bàbá òyìnbó tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà ní allotment, ilẹ̀ oko kékeré tí káńsù ń yá ará ìlú ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bi wá nìyẹn, lọ́jọ́ kejì Ẹtì Rere. Ó rí i pé ọ̀rá dúdú la ṣì tẹ́ sórí ilẹ̀, nígbà tí òun ti gbin pòtétò tirẹ̀ tán, tó sì ti fọwọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ẹ̀rín la fi dáhùn. Ọmọ Ọ̀kè-Ògùn ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀, ẹ gbà wá o! Ẹni tó ti ń to èbù iṣu kó tó mọ ABD. A mi orí, a ní "lovely weather", a kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni kò kọjá. Ẹ jẹ́ ká fèsì síbí, níbi tí kò ti ní di ìjà.

Ká má parọ́, àṣà ni bàbá náà ń tẹ̀lé, àṣà náà sì nídìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, Ẹtì Rere ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń gbin pòtétò. Wọ́n ní nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fura sí i torí pé kò sí nínú Bíbélì. Ni wọ́n bá ń gbìn ín lọ́jọ́ tí Sátánì kò lágbára lórí ilẹ̀, àwọn Kátólíìkì tún ń wọ́n omi mímọ́ sí i. (Iṣu náà kò sí nínú Bíbélì. Ta ló bu omi mímọ́ sí ebè?) Ìdí kejì ló jọ wá lójú jù: ọjọ́ ìsinmi ni. Òṣìṣẹ́ tó ń lo gbogbo ọ̀sẹ̀ nílé iṣẹ́ ti rí ọjọ́ kan tí yóò fi kọjú sí ilẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjọ́ náà kì í dúró lójú kan. Òṣùpá ló ń darí rẹ̀: Sọ́ńdè tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù Kẹta lọ ni Àjíǹde. Nítorí náà Ẹtì Rere lè bọ́ sí 20 oṣù Kẹta, ó sì lè di 23 oṣù Kẹrin. Ní 2008, 21 oṣù Kẹta ni. Ní 2011, 22 oṣù Kẹrin. Ilẹ̀ kan náà, fọ́ọ̀kì kan náà, oṣù kan gbáko láàárín. Òṣùpá kọ́ ló ń mú ilẹ̀ yá, oòrùn ni. Àwọn ará Ireland tiẹ̀ ní tiwọn, ọjọ́ Patrick Mímọ́, 17 oṣù Kẹta, fún irú pòtétò tó ń tètè tó wà. Àwọn ènìyàn wa ní Houston kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn: oṣù Kejì ni tiwọn, torí ooru ni yóò dá ọ̀rọ̀ dúró lọ́dọ̀ wọn.

Pòtétò kò bèèrè ọjọ́, ìgbóná ilẹ̀ ló ń bèèrè. Bí ilẹ̀ kò bá tíì tó nǹkan bí 8°C, ní ibi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, èbù yóò kàn jókòó ni. Ẹ ra tẹ̀mómítà ilẹ̀, tàbí kí ẹ yọ́ èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran mú kúrò ní kíṣìnì, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí onílé tó dé. Ẹ tì í bọlẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó kan ibẹ̀, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá kà lọ́sàn-án, irọ́ ni: òkè ilẹ̀ ti gbóná, ìsàlẹ̀ kò tíì gbọ́. Bí ọjọ́ márùn-ún sí méje bá tẹ̀lé ara wọn tí kò wálẹ̀ ju 8 lọ, ó yá.

Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ yìí kò ní tẹ̀mómítà. Ìtàn wọn sọ pé ńṣe ni wọ́n ń bọ́ ṣòkòtò, wọn á fi ìdí lásán jókòó sórí ilẹ̀. Bí ara wọn kò bá gbà á, ilẹ̀ kò tíì yá. A kò ní kí ẹ dán an wò. Káńsù ní òfin.

Amọ̀ ni ilẹ̀ púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Amọ̀ ń di omi mú, omi sì ń lọ́ra láti gbóná, nítorí náà ilẹ̀ oníyanrìn lè fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Bó bá dì bí òkèlè iyán, tí ẹ fi ìka tì í tí kò fọ́, ẹ padà sílé. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ rénbúùtù, ẹ má tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́, torí ẹsẹ̀ yín á kì í mọ́lẹ̀ bíi bíríkì, gbòǹgbò kò sì ní ráyè wọ̀ ọ́. Ìdí ọ̀rá dúdú nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi bíríkì tẹ etí rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí òjò tún rẹ ilẹ̀, ó sì lè fi dígíríì kan sí méjì kún un. Bàbá rò pé ọ̀lẹ ló tẹ́ ọ̀rá.

Nílé, ooru ni ọ̀tá èbù. Gbin iṣu lóṣù Kejìlá kí o má fi koríko dé e lórí, ilẹ̀ á sè é kí òjò tó dé. Níhìn-ín, òtútù òun omi ni. Èbù á rà, tàbí kí àrùn tó ń sọ ìdí igi rẹ̀ di dúdú wọlé. Èyí tó burú jù ni ti èbù tí èéhù rẹ̀ ti dàgbà jù nínú ilé kó tó bọ́ sínú ilẹ̀ tútù: kò ní yọ síta, á so pòtétò wẹ́wẹ́ bí ẹyin aláǹgbá lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, á dákẹ́. Èyí tí kò kú á lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó yọrí, nígbà tí èyí tí wọ́n gbìn lẹ́yìn rẹ̀ sínú ilẹ̀ tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ á yọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn á jọ dé ọjà ni.

Ẹ má gé e bí iṣu. Iṣu là ń gé, là ń fi eérú ra ojú rẹ̀. Nínú ilẹ̀ olómi báyìí, ojú ọgbẹ́ ni ìrà ń gbà wọlé. Ẹ ra èbù tó ní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, tó tóbi tó ẹyin adìyẹ, kí ẹ gbìn ín lódidi. Láti ìparí oṣù Kìíní ni kí ẹ ti tò ó sínú páálí ẹyin, kí ẹ̀gbẹ́ tí ojú pọ̀ sí kọjú sókè, ní yàrá tó mọ́lẹ̀ tí kò gbóná ju bí 10°C lọ. Èéhù kúkúrú tó ki, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, là ń wá. Bó bá funfun tó gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, òkùnkùn ló wà. Fún èyí tó ń tètè tó, ẹ fi èéhù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, ẹ fi ìka nu ìyókù kúrò.

Tí a bá ń gbin Swift tàbí Arran Pilot, irú tó ń tètè tó, poro á jìn ní sẹ̀ǹtímítà 12, èbù á jìnnà síra ní 30, poro sí poro ní 60. Mítà 10 á gba bí 33. Maris Piper àti King Edward, irú tó ń pẹ́, ń fẹ́ àyè: 40 àti 75, èbù 25 ní mítà 10. Àwọn ti ìṣáájú á tó wà ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Àwọn wọ̀nyí á lo 15 sí 20. Bí ewé bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ wọ́ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí orí rẹ̀ nìkan ṣẹ́kù síta, torí pòtétò tí oòrùn bá rí á di àwọ̀ ewé, á korò, á sì ní májèlé. Ebè là ń kọ yẹn o. Ṣọ́bìrì ni òyìnbó ń fi ṣe é, tó ń di ẹ̀yìn mú. Ọkọ́ ló mọ iṣẹ́ yìí.

Ìrì dídì ló kù. Ó lè wá títí di àárín oṣù Karùn-ún ní gúúsù, títí wọ oṣù Kẹfà ní àríwá. Fóònù á ní alẹ́ òní á jẹ́ 3°C, ẹ ó sì sùn. Àárọ̀ ọ̀la, ewé ti dúdú bí ẹ̀fọ́ tó jóná. Fóònù kò parọ́: ní gíga mítà 1.25 ni wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́, ilẹ̀ sì máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́ tí ìràwọ̀ yọ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bí ẹ bá ti rí 4 sísàlẹ̀ nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi fleece (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo irúgbìn) tàbí ìwé ìròyìn bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ni kí ẹ bò ṣáájú, ibẹ̀ ni òtútù ń ṣàn lọ bí omi. Bó bá ti jóná, ẹ má hú u. Á tún rú láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n á pàdánù bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Nílé náà, ọjọ́ kò sí nínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ń tan ènìyàn: á rọ̀ lóṣù Kẹta, ilẹ̀ á ta sánsán, àwọn oníwàdùwàdù á ju àgbàdo sílẹ̀. Ọ̀dá á wá dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀mùnú á gbẹ. Àwọn àgbà mọ òjò tó dé yàtọ̀ sí òjò tó yà. Bí ẹ bá bi wọ́n, "Ó kù díẹ̀" ni wọ́n ń sọ, wọn kì í ṣàlàyé, wọ́n rò pé ẹni tó bá dúró tì wọ́n pẹ́ á mọ̀ ọ́n. A kò dúró. Ẹni tó yẹ kó bi wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi irin gún ilẹ̀ káńsù. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, WhatsApp la ti ń rí i, pẹ̀lú àwòrán àgọ́ àti aṣọ ẹbí. Ṣé wọn kì í gbin nǹkan níbi tí a ti wá? Wọ́n ń gbìn. Àwọn tó ń gbìn ni kò pọ̀ mọ́.

Pòtétò náà mọ ọ̀rọ̀ ká fi ilé sílẹ̀. Ní 1845, àrùn tí wọ́n ń pè ní blight dé Ireland. Nínú ìyàn tó tẹ̀lé e, bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì sọdá òkun. Àrùn náà kò tíì kú. Ó wà ní allotment wa, òun ni kò sì jẹ́ ká lè fi ìdúró ṣe àṣejù. Bí ọjọ́ méjì bá tẹ̀lé ara wọn tí ìgbóná kò wálẹ̀ ju 10°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó lè gbéra. Àmì tí wọ́n ti ń lò láti 2017 nìyẹn, Hutton Criteria. Oṣù Keje ló sábà ń le. Nítorí náà, bí Maris Piper kò bá tíì wọlẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún, kò ní lè so pòtétò tó nǹkan kí àrùn tó bá a. Ẹni tó bá pẹ́ kó gbin Sarpo Mira, irú pòtétò tó lágídí sí àrùn náà. Bí ewé bá ti ń ní àmì búráùn, ẹ gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ kó o kúrò, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó wà á, kí èèpo rẹ̀ le.

Ní 2027, 26 oṣù Kẹta ni Ẹtì Rere bọ́ sí. Bàbá náà á ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì rẹ̀. Bó bá tún béèrè, a ó ní ilẹ̀ ṣì wà ní 6. Bó bá jiyàn, àgbà ni, a kò lè ní kó bọ́ ṣòkòtò kó jókòó wò ó.