Àkọ̀ Tí Kò Ní Ba Dídán Ọ̀bẹ Jẹ́

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ rọ ọ̀bẹ kan fún mi láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kán. Èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà dán an fún odindi ọjọ́ mẹ́rin, láti orí èyí tó le jù títí dé orí onínọ́ńbà 2000, títí mo fi ń rí eyín ara mi lára irin náà. Mo ra àkọ̀ aláwọ tó rẹwà fún un, mo tì í bọ inú rẹ̀, mo sì gbé e pamọ́ sínú àpótí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ ní oṣù Ọ̀wàrà, àmì dúdú ti wà lára rẹ̀ ní ojú mẹ́fà, méjì nínú wọn sì ti jẹ ihò wọ inú irin débi pé n kò lè dán wọn kúrò láì sọ ọ̀bẹ náà di pẹlẹbẹ. Ó dùn mí dé ọkàn.

N kò dá ẹni tó rán àkọ̀ náà lẹ́bi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìwà awọ ni n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Awọ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a sì máa dì í mú mọ́ ara irin. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe awọ kì í tán lára rẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n fi króómù ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ní iyọ̀ nínú, èyí tí wọ́n sì fi èso tàbí èèpo igi ṣe, irú bí bagaruwa tí àwọn oníṣẹ́ awọ Kánò ń lò, máa ń ní ásíìdì díẹ̀ tó ń mú un kan. Mo fara mọ́ èyí kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ kí irin sípíríǹgì sùn sínú rẹ̀ fún odindi ìgbà òjò. Sitéńléẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, ní króómù tí kò dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Ti irin sípíríǹgì kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan lọ.

Àwọn àgbà a máa sọ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ti ọ̀bẹ tí a dán, mo ti rí i pé ilé náà lè máa ba onílé jẹ́ pẹ̀lú, eruku sì ni ohun èlò rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń fẹ́ wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad a máa wọ ibi gbogbo, yanrìn kíkúnná tó wà nínú rẹ̀ sì le ju irin ọ̀bẹ lọ. Bí ó bá ti há sínú àkọ̀, gbogbo ìgbà tí a bá ń fa ọ̀bẹ yọ ni a ń fi sáńpépà ha á.

Ìdí nìyí tí àkọ̀ Kydex, ike líle tí wọ́n ń fi iná rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀bẹ, fi ń fa ìlà sára ọ̀bẹ dídán. Kì í mu omi, èyí sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀ rárá, nítorí náà eruku kò ní ibi tí yóò rì sí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kí ó wá èyí tó di ọ̀bẹ mú lẹ́bàá èkù nìkan, tó sì ní ihò nísàlẹ̀ tí omi lè gbà jáde. Mo máa ń fi máákà kun ara ọ̀bẹ, n ó tì í wọlé, n ó fà á yọ. Ibi tí kíkùn náà bá ti pa rẹ́ ni àkọ̀ ti ń fara kàn án.

Igi ni mo wá yàn fún ìpamọ́. Àwọn ará Japan, tí wọ́n mọ iyì idà dídán, ń fi igi magnolia gbẹ́ àkọ̀ nítorí pé ó rọ̀, oje rẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n ń fi ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ bí àtè lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lè tún là á láti nu inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, arère ni mo lò, nítorí ó fúyẹ́, ó sì rọ̀. Káfíńtà tí mo bẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ fi ìrókò ṣe é, ṣùgbọ́n mo kọ̀, nítorí ìrókò a máa ní òkúta inú igi tó ń ba ayùn pàápàá jẹ́. A gbẹ́ ẹ kí ẹnu rẹ̀ nìkan di ọ̀bẹ náà mú, kí ara tó kù má kan igi, a sì fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́.

Àkọ̀ aláwọ náà ṣì wà. Òun ni mo ń so mọ́ ìgbàdí bí mo bá ń lọ sóko, mo sì ń yọ ọ̀bẹ kúrò nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá dé, n ó nù ún gbẹ, n ó fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, nítorí òróró ẹ̀pà a máa lẹ̀ bí ó bá pẹ́, n ó sì dá a padà sínú arère. Òjò ọdún kan ti kọjá lórí ètò yìí, ihò méjèèjì ti tẹ́lẹ̀ nìkan ló sì wà lára rẹ̀.